Agolo Tó Ní Ìwọ̀ Lọ́rùn

Mo ru agolo náà sórí, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ìyá ìyá mi sì ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀ lábíyá. Etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ la gbà. Àwọn apẹja ń tú ẹja sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìrù ẹja ń gbá igi pà-pà-pà, òórùn ẹrẹ̀ àti ti ẹja yíyan sì dà pọ̀ mọ́ra wọn bí tọkọtaya. Ìyá àgbà ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó gbà pé gbèsè ọdún kan àbọ̀ ni òun ń lọ sin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òkú náà ṣì ń mí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Arúgbó ni mí, ọ̀rọ̀ mi kì í ti iwájú bẹ̀rẹ̀.

Ẹja ni ìyá àgbà ń yan tà ní Ọjà Olúwo. Ahéré tó ti ń yan án wà lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ sì ni èmi náà ń sùn nígbà tí òtútù bá mú. Èéfín ibẹ̀ le débi pé ẹ̀fọn tó bá ṣìnà wọlé á kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó jẹni. Ibi tó bá ti wúkọ́ la ó ti pa á. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bi àwọn ẹ̀fọn náà. Lórí ààrò ni ẹja àrọ̀ máa ń tò sí, oníkálùkù ti fi ìrù ara rẹ̀ sẹ́nu bí ẹni tó ń ronú nípa gbèsè. Lókè wọn, lórí pákó kan, ni agolo mẹ́rin jókòó sí.

Agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá àgbà lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdérí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi okùn àwọ̀n dì wọ́n yíká. Èéfín ti sọ gbogbo wọn di dúdú bákan náà, ìyá àgbà ò sì mọ̀wé, nítorí náà ó so nǹkan mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ lè fi dá a mọ̀. Ṣíbí onígi kékeré wà lọ́rùn ti oúnjẹ. Egungun àgbọ̀n ẹja wà lọ́rùn ti owó ọjà, èyí tó fi ń ra ẹja tútù. Ìkarahun ìsáwùrú wà lọ́rùn ti àìsàn àti àjálù. Èyí tó kù, tí ìwọ̀ ìpẹja wà lọ́rùn rẹ̀, ni ti gbèsè. Mo bi í léèrè ìgbà kan pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ̀. Ó ní ọwọ́ tó bá lọ síbẹ̀ láìnídìí, kí nǹkan mú un.

Láràárọ̀, bó bá ti kí àsùbáà tán, ó máa tú etí ìró rẹ̀, ó máa pín owó ọjọ́ àná. Ó máa ní, "Bísímílà," sísì á bọ́ sínú agolo ìwọ̀, kó. Ó tún máa ní, "Bísímílà," tọ́rọ́ á bọ́ sínú ti ṣíbí. Gbèsè ló máa ń kọ́kọ́ fún, oúnjẹ á tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ pé tọ́rọ́ kan ṣoṣo la rí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé gààrí àti omi ni àlejò wa. Òfin méjì ló sì wà lórí pákó yẹn. Owó tó bá ti wọ agolo kan kò gbọdọ̀ bọ́ sí òmíràn. Agolo ìwọ̀, ojú olówó, ẹni tí a jẹ ní gbèsè, nìkan la ti ń ṣí i. "Owó wọn ni," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ wò nínú àpò ẹlòmíràn?"

Gbèsè náà, àìsàn bàbá àgbà ló bí i. Bàbá àgbà ṣe àárẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìyá àgbà sì lọ yá owó lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ra ẹja lọ́pọ̀ yanturu ní Ọjà Olúwo, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀. Ó fi ọkọ̀ bàbá àgbà dógò, ọkọ̀ tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Bàbá kú, gbèsè ò bá a lọ. Àwọn apẹja tó ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin yẹn wá ń wa ọkọ̀ wa kọjá níwájú wa. Ìyá àgbà á sì ra ẹja tí wọ́n fi ọkọ̀ rẹ̀ pa, iye tí wọ́n bá pè é náà ló máa san. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá padà la tó máa jẹun láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo mọ èyí, ọmọdé tí mo jẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mi ò rí kí ẹlòmíràn ṣe rí. Àwọn tó jẹ olówó yẹn lówó pọ̀, bí wọ́n bá sì ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á gba ẹ̀yìn ìsọ̀ yọ. Mo rí ọkùnrin kan tó bọ́ sínú ọ̀sà taṣọtaṣọ nítorí rẹ̀, mi ò sì tíì rí i kó jáde títí di òní. Ìyá àgbà kì í sá. Lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé lọ́rọọrún nìyẹn, ó máa gbé àpótí rẹ̀, ó máa lọ sí ẹnu ọ̀nà obìnrin náà fúnra rẹ̀. Bó bá ní owó, ó máa san án. Bí kò bá ní, ó máa jókòó lórí àpótí yẹn, ó máa kí i, ó máa bi í léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, òní ò ṣeé ṣe, ojú mi ni mo ní kẹ́ ẹ rí," ó sì máa dìde. Àwọn obìnrin ọjà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òun nìkan ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba èébú. Ó ní èébú tí èèyàn bá jókòó gbà kì í pọ̀ tó èyí tí wọ́n fi ń lé e.

Nígbà tó ku pọ́n-ùn mẹ́rin, olówó wa múra àtilọ sí Mẹ́kà. Ó fi àdéhùn sílẹ̀ kó tó lọ: ọjọ́ tí òun bá dé ni kí òun bá pọ́n-ùn mẹ́rin náà nílẹ̀. Bí òun ò bá bá a, ọkọ̀ ti di ti òun nìyẹn. Ìyá àgbà gbà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí a ń san owó fún mọ́, agolo ìwọ̀ wá ń wúwo sí i, ó ń wúwo sí i. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyá àgbà ṣì ń gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó ń lọ kí àwọn ará ilé olówó tí kò sí nílé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ dé, ẹja wọ́n, gààrí àti omi sì sọ ilé wa di ilé bàbá wọn. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà. Mo gbìyànjú láti tan ológbò kó lọ jí ẹja wá, ológbò náà ní òun ti ronú pìwà dà. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbójú sókè wo agolo méjì: ọ̀kan ń kún, àwa ò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ọ̀kan ṣófo, òun la ń jẹ. Mo rò ó pé òfin ní owó ò gbọdọ̀ kúrò nínú agolo. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ṣíbí àti ìwọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá àgbà lọ sétí omi, mo gun àpótí rẹ̀. Mo tú ṣíbí, mo so ó mọ́ agolo tó kún. Mo tú ìwọ̀, mo so ó mọ́ èyí tó ṣófo. Ìwọ̀ yẹn sì ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀: ó wọ àtàǹpàkò mi wọnú. Mo fa á yọ, mo fi ewé dì í, mo ní ẹ̀gún ẹja ni.

Nígbà tí ìyá àgbà tú agolo oúnjẹ lọ́jọ́ ọjà, owó ya sílẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní àlùbáríkà ni, Ọlọ́run ti rí i pé àwọn ò fi gbèsè ṣeré. Nítorí pé owó oúnjẹ ò gbọdọ̀ bọ́ síbòmíràn, oúnjẹ ló fi gbogbo rẹ̀ rà: àpò gààrí kan odindi, epo, ẹ̀wà, ìrẹsì díẹ̀. Ó wá ní irú àánú báyìí ò ṣeé dákẹ́ lé. Ó din àkàrà, ó kó àwọn ọmọ ilé kéú jọ, ó fi ṣe sàráà. Àdúrà tó sì ní kí wọ́n gbà nìkan ni pé kí Ọlọ́run mú olówó òun dé láti Mẹ́kà láyọ̀. Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù. Mo jẹ àkàrà mẹ́rìnlá, tàbí ogójì, mi ò rántí mọ́.

Àdúrà gbà. Obìnrin náà dé láyọ̀, pẹ̀lú eyín wúrà lẹ́nu, ó sì ti di Alájà. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ẹni tó ni àkàrà tí mo jẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó níwájú Alájà láàárọ̀ tí mo ń sọ. Ìyá àgbà gba agolo lórí mi, ó tú okùn, ó dà á sórí ẹní. Ṣílè mẹ́sàn-án àti tọ́rọ́ mélòó kan ló bọ́ sílẹ̀. Ó mi agolo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kò dún. Ó mú ìwọ̀ náà dání, ó wo kókó tí wọ́n fi so ó. Kókó apẹja ni òun máa ń ta. Èyí tó wà níbẹ̀, kókó tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ mi, ó ṣí ewé kúrò lójú àtàǹpàkò, ó wò ó. Mo ti ń retí ìgbátí. Ó pa ọwọ́ náà dé sínú ọwọ́ tirẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀.

"Alájà," ó ní, "àṣìṣe ilé mi ni. Owó yín ni mo fi se oúnjẹ. Òun náà ni mo fi ṣe sàráà pé kẹ́ ẹ dé láyọ̀."

Mo ń gbọ́ bí ọkọ̀ wa ṣe ń gbá èbúté níwájú ilé rẹ̀, kù, kù. Alájà wo owó, ó wo ìyá àgbà, ó wo èmi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ẹní lọ. Eyín wúrà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àbúrò mi," ó ní, "ṣé èmi ni mo sanwó àdúrà ara mi?"

Ó nu ojú. Ó ní àwọn ará ilé òun ti sọ fún òun pé ọjà kan ò lọ kí ìyá àgbà má wá jókòó síbẹ̀, sí ẹnu ọ̀nà tí olówó ò sí. "Ẹni tó ń sá ni mo máa ń lé," ó ní. "Ìwọ, ibo ni mo fẹ́ lé ọ dé? Mo fún ọ ní oṣù mẹ́fà sí i. Àmọ́ owó ṣì jẹ́ owó o."

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ìyá àgbà gbé agolo náà padà sórí mi. Ó ní ọmọ tó bá lè gbé gbèsè kúrò níbi tó wà, ó lágbára láti rù ú. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ha ìpẹ́ ẹja fún àwọn obìnrin Ọjà Olúwo, tí mo ń pọn omi fún wọn. Ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí apẹja kan fi bi ìyá àgbà léèrè iye tó ń tà mí. Tọ́rọ́ tí mo bá gbà, èmi fúnra mi ni mo máa ń jù ú sínú agolo ìwọ̀, pẹ̀lú bísímílà. Gààrí odindi àpò sì wà nílé, a ò ná owó oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà owó tí ì bá wọ agolo ṣíbí ń gba ti ìwọ̀ lọ láàárọ̀. Lóṣù kẹfà, ìyá àgbà ní kí èmi tú okùn. Mo ka pọ́n-ùn mẹ́rin sórí ẹní Alájà, pé pérépéré. A wa ọkọ̀ bàbá àgbà padà sílé. Ìyá àgbà jókòó sí iwájú, ó ń fi ọwọ́ ra igi rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Títí ó fi kú, kò bi mí léèrè ohun tí mo ṣe.

Mo kó wá sí Ìkòròdú nígbà tí mo dàgbà, mo ru iyanrìn ní Èbúté títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Ìgbògbò ni mo ń gbé báyìí. Ọmọ mi obìnrin, aránṣọ, yá owó lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Nígbà tí kò tètè san án, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀, títí kan ẹni tó ń ta gáàsì fún un, pé olè ni. Mo gbé àpótí, mo ní ká lọ bá wọn, ká lọ jókòó. Ó ní, "Bàbá, wọn ò ní ẹnu ọ̀nà." Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo ra ike mẹ́rin onídèérí fún un, mo so nǹkan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi ike náà san gbèsè yẹn tán. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn aránṣọ ló ń yá a lówó nísinsìnyí. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àga. Mo ti lọ jókòó lórí rẹ̀ kó lè dá mi lójú.

Àpá ìwọ̀ yẹn ṣì wà lórí àtàǹpàkò mi, ó rí bí hóró ìrẹsì. Àtàǹpàkò yìí náà ni mo fi ń ka owó, nítorí náà kò sí owó tó tíì gba ọwọ́ mi kọjá tí kò fara kàn án. Bó bá ti kàn án, mo máa ń dá ti olówó sọ́tọ̀ ná. Bí mo bá sì ti kà á tán, mo máa ń pa ọwọ́ náà dé sínú èkejì fún ìgbà díẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe pa á dé níwájú Alájà.