Ọwọ́ Fẹ̀sọ̀jayé Olóólà

Kí oòrùn tó yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fẹ̀sọ̀jayé ti kúrò nílé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ó ti forí lé ọ̀nà Upenmen. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò rò pé ìtara iṣẹ́ ló ń lé e, nítorí olóólà ni. Òun ló dá akọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò rẹ̀, kò sì sí ìyá kan tó tíì bú u rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtara. Oòrùn ló ń sá fún.

Láti ìgbà tí òjò ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ kọ́kọ́ dé, ni ibà kan ti wọ̀ ọ́ lára tí kò fẹ́ lọ mọ́. Láàárọ̀, ara rẹ̀ á dá ṣáká. Bí oòrùn bá ti ń gun òkè, òtútù á dé, eyín rẹ̀ á máa lu ara wọn, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ó mu àgbo títí, ó gba hóró oògùn kíkorò ní dìsípẹ́ńsárì. Ibà náà á lọ, á tún padà wá, bí àlejò tó ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé ìjókòó sí.

Iṣẹ́ ara ẹni dùn nígbà tí ara bá le. Kò sí ọ̀gá tí yóò pe èèyàn lọ́lẹ. Ọjọ́ tí àìsàn bá dé ni a óò tó rántí pé kò sí ọ̀gá tí yóò sanwó oṣù pẹ̀lú. Bí àgbẹ̀ bá dùbúlẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a roko. Ta ni yóò yá olóólà lọ́wọ́ lò? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ bí Fẹ̀sọ̀jayé bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò dákẹ́. Ìyá wo ni yóò gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ síwájú ọwọ́ tó ń gbọ̀n?

Nítorí náà, ó fi í pa mọ́. Bí oníbàárà bá dé nígbà tí oòrùn ti mú, Mojí aya rẹ̀ á ní ó ti lọ sóko. Oníbàárà á yíjú sí Rùfáì, olóólà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àkókó dé, kò sì ní padà wá mọ́. Báyìí ni aṣọ inú àpótí Mojí ṣe ń jáde lọ sọ́jà níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku èyí tó wà lára rẹ̀. Lálẹ́ àná, ọmọ wọn kékeré sunkún ebi títí oorun fi gbé e lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìpè Ìbílọlá fi dà bí ohun tó já bọ́ láti ọ̀run. Ìyá àgbà yìí ní oko iṣu ní Upenmen, aya ọmọ rẹ̀ sì ti bí ọkùnrin. Ó ní bí wọ́n bá ti dá akọ ọmọ náà tán, Fẹ̀sọ̀jayé yóò gba ẹrù iṣu kan, àkùkọ kan, àti owó. Fẹ̀sọ̀jayé ránṣẹ́ pé òun gbà, kìkì pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀ kùtù.

Ó dé bá ohun gbogbo nílẹ̀. Omi wà, ìgbín tí wọn yóò kán omi rẹ̀ sójú egbò wà, wọ́n ti wẹ ọmọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ti fẹ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ni Ìbílọlá bá ní kó jókòó ná, Boniface bàbá ọmọ ń bọ̀ láti Ifọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí, ìyá," Fẹ̀sọ̀jayé ní. "Àárọ̀ ló dáa fún ọmọ."

"Éè ṣẹlẹ̀ rí ní ulé yìí," Ìbílọlá dáhùn, "ká fabẹ kan ọmọkùnrin lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Jókòó."

Ó jókòó. Akọ̀wé ni Boniface ní ọ́fíìsì kan ní Ifọ́n. Bí ara rẹ̀ kò bá dá, ìwé pélébé ni yóò fi ránṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ á sì wọlé bó ṣe ń wọlé. Fẹ̀sọ̀jayé ro èyí, inú bí i, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ṣẹ òun.

Oòrùn yọ sórí òrùlé. Ó bọ́ sínú àgbàlá. Wọ́n gbé iṣu sísè fún Fẹ̀sọ̀jayé, òun tí kò jẹun láti àná, kò sì lè gbé e mì. Nǹkan tútù kan ti ń rìn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ itan, ó jókòó lé e. Ó ń gbàdúrà kí Boniface tètè dé, ó tún ń gbàdúrà kó má dé mọ́. Ó lè dìde kó ní ara òun kò dá. Kò dìde.

Boniface dé, ẹrẹ̀ ti mu ún dé orúnkún. "Ẹ má bínú, bàbá. Lọ́rì wa ló rì."

Ìbílọlá jókòó sórí àpótí kékeré, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Fẹ̀sọ̀jayé fa abẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ọwọ́ òsì di ọmọ mú, ó sún abẹ mọ́ ọn. Ní àkókò náà ni orí abẹ gbọ̀n. Díẹ̀ ni. Òun nìkan ló rí i.

Kí a máà tan ara wa jẹ, ó rò ó. Ó rò ó pé kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, pé ọwọ́ òun mọ ọ̀nà yìí bí ojú bá tilẹ̀ fọ́. Ó ro iṣu, ó ro ẹkún àná. Abẹ tún gbọ̀n. Ọmọ náà yán, ó la ẹnu kékeré tí kò léyín, ó tún pa á dé. Fẹ̀sọ̀jayé fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Nínú ìdílé Fẹ̀sọ̀jayé, bí a bá ti fa abẹ yọ níwájú ọmọ, kì í padà sákọ̀ ní gbígbẹ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí abẹ kò mu yóò máa wá ọmọ náà kiri. Fẹ̀sọ̀jayé yí abẹ sí àtàǹpàkò òsì ara rẹ̀, ó fà á. Ẹ̀jẹ̀ dà sára aṣọ rẹ̀.

"Abẹ ti jẹun," ó ní. "Ẹ gbé ọmọ dìde."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wá ń gbọ̀n lójú gbogbo ayé. Ìbílọlá gbé ọmọ dìde, ó wo ọwọ́ náà.

"Láti ùgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò."

"O mọ̀, o sì wá sí ulé mi."

"Mo mọ̀, ìyá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Ìbílọlá fi aṣọ bo ọmọ náà, ó dì í mọ́ àyà, ó sì wọlé. Boniface ní àwọn yóò gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n dá akọ rẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ máa lọ sílé, bàbá," ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ náà ló sì dun Fẹ̀sọ̀jayé jù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ iṣu. Òun náà mọ̀ pé ohun tí Upenmen bá gbọ́ lónìí, Ọ̀wọ̀ yóò gbọ́ ọ lọ́la.

Ó fi òtútù rìn nínú oòrùn títí ó fi délé. Mojí rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ó ní. "Ẹ ti ṣe é." Omi ti ń hó lórí iná. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, bóyá ẹni tó ru iṣu ń bọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni," Fẹ̀sọ̀jayé ní.

Mojí gba ọwọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Wọn kò fabẹ kàn án."

"Ó dáa," Mojí ní. Ó ya etí gèlè rẹ̀, ó fi di àtàǹpàkò náà, ó sì lọ sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná.