Àfòpiná Tí Mo Gbọn Eruku Rẹ̀

Láti Mamobi títí dé Ashaiman, níbí ní agbègbè Accra, kò sí àfòpiná tí n kò mọ bàbá tó bí i. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọn a tò sára ògiri mi ní ìdílé-ìdílé: àwọn oníkùn pupa lápá ọ̀tún, àwọn oníwo lápá òsì, àwọn tí kò ní láárí lẹ́bàá ṣáláńgá. Ọ̀kan tiẹ̀ wà láàárín wọn tó máa ń tọrọ áásáà lọ́wọ́ mi, bó bá sì sín tán, á ní, "Baba, ẹ ṣeun." Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé dé òkè òkun ti wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nítorí ìmọ̀ yìí.

Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò rí orúkọ fún, òun ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́.

Ìyàwó mi ló fà á. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Kotobabi, èmi ń ta abọ́ tánganran ní Mamobi. Ogójì ọdún la fi jọ gbé, Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Nígbà tó ń ṣàìsàn tó gbà á lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Baálé mi, ẹ̀yin nìkan ló kù tí yóò máa pe orúkọ mi. Tí ẹ̀yin náà bá lọ ńkọ́?" Mo ti purọ́ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n kò rí irọ́ kankan pa fún un lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, odindi ọdún kan ni n kò ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí i, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, àfòpiná kan fò jáde láti inú ìró sányán tó ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Apá rẹ̀ dúdú bí aró tó gbó, ilà wúrà kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo fi ife gíláàsì dé e mọ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé wa, Accra ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ kòkòrò ló ń ṣe ní yunifásítì. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, á bu Twi mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ ti ife náà, ó wò ó títí.

"Baba, mi ò mọ eléyìí o."

"Ìwọ tó o ka ìwé kòkòrò títí tí ojú ẹ fi wọ awò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó lè jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa la máa sọ ọ́ lórúkọ."

"Ṣé ó lè jẹ́ orúkọ ìyàwó mi?"

"Orúkọ Màmá? Ó ṣeé ṣe."

Mo jókòó ti ife náà. Orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé, ọmọ ọlọ́mọ yóò máa pè é nígbà tí èmi bá ti jẹrà tán. Ọmọbìnrin náà ní kí n fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí n gbé e wá bá òun níbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. "Baba, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án."

N kò fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí mo yí òkú rẹ̀ sórí ìwé funfun, mo rí eruku tó ń já bọ́ lára rẹ̀. Ojú tì mí. Ìyàwó mi kì í gba eruku láàyè. Bó bá dé ìsọ̀ mi tó rí abọ́ tó dọ̀tí, á ní, "Ta ló máa ra ohun tí ẹni tó ń tà á kò lè nù?" Àwa tí à ń tajà, a kì í gbé ọjà síwájú oníbàárà láìgbọn ọ́n. Ṣé ohun tó fẹ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni n óò wá gbé lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú eruku lára? Mo mú ìyẹ́ adìẹ tí ìyàwó mi fi ń gbọn aṣọ nígbà ayé rẹ̀, mo gbọn ọ́n, mo tún un gbọn, títí apá rẹ̀ fi mọ́ gaara bí awọ àlùbọ́sà. Inú mi dùn. Mo dá a padà sínú ife, mo wọ bùbá tuntun, mo wọ ọkọ̀ tírótìró.

Méètì ọkọ̀ náà, ẹni tó ń gbowó èrò, wo ife tí mo gbé lé itan. "Baba Alata, kí lẹ gbé yẹn?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Ìyàwó mi ni."

"Haba! Ó mà kéré o. Ṣé ebi lẹ fi ń pa á ni?"

Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Àpótí pẹlẹbẹ ló kún yàrá iṣẹ́ ọmọbìnrin náà, àfòpiná lórí abẹ́rẹ́ ní ìlà-ìlà, orúkọ kálukú lábẹ́ rẹ̀. Ó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo tèmi. Ó tún un wò.

"Baba, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo gbọn eruku ara rẹ̀ ni."

"Eruku kọ́, Baba. Ìpẹ́ ni, bíi ti ẹja, ó kàn kéré ju iyanrìn lọ ni. Òun ló ní àwọ̀, òun ló ní ilà. Ìdí rẹ̀ dà?"

"Ìdí wo?"

"Ìdí rẹ̀ ti já. Bí apá ò bá sọ nǹkan kan fún wa, ohun tó wà níbi ìdí la fi ń mọ ẹ̀yà kan yàtọ̀ sí èkejì."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ti kòkòrò náà lẹ tún ń wò?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti tán.

Ó gún un mọ́ abẹ́rẹ́, ó kọ ibi tí mo ti rí i àti ọjọ́ tí mo mú un sórí ìwé pélébé. Ibi orúkọ ṣófo. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé ńlá kan yọ, ó kọ orúkọ ìyàwó mi sínú rẹ̀, ó ní, "Baba, bí òmíràn bá jáde, orúkọ yìí ń dúró dè é."

Nítorí náà n kò fi káńfọ̀ tó ń lé kòkòrò sínú àpótí aṣọ ìyàwó mi. Àwọn aládùúgbò ní, "Baba, aṣọ Màmá ń bàjẹ́." Mo ní kó máa bàjẹ́. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn Alásàrí, mo ń ṣí i. Ìró sányán ti di ajere. Bí mo bá gbé e sókè, mo ń rí ògiri lódìkejì. Nǹkan ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fò jáde. Orúkọ kò wọ ìwé, aṣọ ń lọ, èmi náà ń lọ.

Ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni ti àfòpiná tó ń fín áásáà, kò sì sí ọ̀mọ̀wé kankan tó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni ti ìwé ńlá yẹn. Kò sí ìwé ńlá. Ihò ara aṣọ, òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò kọ orúkọ ìyàwó mi síbì kankan, kò sì ṣe ìlérí fún mi. Ó kàn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Kosɛ, Baba, ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Inú tírótìró, bí mo ṣe ń padà bọ̀ pẹ̀lú ife òfìfo lórí itan, ni mo ti hùmọ̀ ìwé ńlá náà.