Erùpẹ̀ Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń jà kí a tó kúrò ní Houston. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", torí àgbà ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò lè. A lọ gbé e nílé rẹ̀ ní àdúgbò Humble ní àárọ̀ Sátidé, kò tíì jókòó dáadáa sínú ọkọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ilé òrìṣà lẹ fẹ́ gbé mi lọ, ẹ tún ní kí n bọ́ bàtà! God forbid!"

Ọmọbìnrin mi ló fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin ará Íńdíà kan. Ìyá-ìyá ọmọkùnrin náà ni àgbà ilé wọn. Tí màmá yìí ò bá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ méjèèjì lórí nínú tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá àwọn èèyàn wọn kọ́ sí abúlé kan lẹ́yìn Houston, kò ní sí ìgbéyàwó. Ohun tí à ń lọ ṣe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ni àgbà tiwa, a ò lè lọ láìmú un dání. Ẹ̀rù ń ba ọmọ mi, kò lè jẹun.

Abúlé náà jìn sí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, màlúù àti koríko gbígbẹ ló kún ibẹ̀. Tẹ́ńpìlì náà dá dúró láàárín pápá, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kan ń fọ́ àgbọn mọ́ òkúta fún ìrúbọ, gbà! gbà! omi rẹ̀ ń ta sí wa láṣọ. Bí ọ̀kan bá ti fọ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pe Jésù.

A bọ́ bàtà, a wọlé. Ọmọkùnrin náà yára wá kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tiwọn kì í dọ̀bálẹ̀. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, wọ́n á wá fi ọwọ́ náà kan orí ara wọn, kí ìbùkún tó wà nínú erùpẹ̀ ẹsẹ̀ àgbà lè ran àwọn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dàgbà, ẹni tó bá bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ, ó fẹ́ pa ọ́ ni.

"Ó ń bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ mi!"

Ó ta ọmọ náà nípàá lẹ́nu. Mo gbọ́ nígbà tí eyín kán. Ọmọ náà ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ gbá òpó, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ funfun tó wọ̀. Ẹ̀gbọ́n gùn ún láyà, ó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò ó, ó ń pariwo pé kó dá erùpẹ̀ òun padà. Àbúrò ọmọ náà fò mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fún un lọ́rùn. Ọmọ mi kó sáàárín wọn, ìgúnpá bà á lójú, ó ṣubú. Ọkọ mi dúró, ó ń sọ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́," bí ẹni ń bẹ lánlọ́ọ̀dù.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Ìyàwó kì í gbọ́wọ́ sókè sí ẹ̀gbọ́n ọkọ, mo mọ̀. Mo sáré síta, mo gbé àgbọn kan, mo padà wọlé, mo là á mọ́ ọn léjìká. Kò kúrò lórí ọmọ náà. Mo tún là á mọ́ ọn. Ó yí ṣubú.

"Ìyàwó! Èmi lo lù?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ dìde kí n tún lù yín!"

 Màmá àgbà náà dìde lórí àga rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀.

"Ẹ mú ọkùnrin yẹn jáde," ló wí. "Ẹni tó bá bá a lọ ò gbọdọ̀ padà síbí mọ́ láéláé."

Ọkọ mi fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó fi apá gbé e ró. Ojú ọmọ mi ti wú, kò lè là á mọ́.

"Daddy, please, ẹ má lọ."

Ó lọ. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Màmá náà gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ náà lórí, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lẹ́nu ọmọkùnrin náà. Níta, ọkọ mi ń tẹ hóònù pé kí n jáde wá, ó ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró. Mo kúnlẹ̀ ti ọmọ mi. Mi ò jáde.