Ẹni Tó Kọ́ Mi Ní Ìtàn Àjíǹde

Àpò fúláwà tó ti rin gbingbin bà lé òkúta, pàá, omi rẹ̀ tó funfun bí omi ògì sì ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gbélé sọ ìlà kan nínú ìtàn àjíǹde, mo sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún gbé àpò náà sókè. Pàá. Ìlà kejì. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, wọn kì í bá mi wí. Wọ́n á kàn dá àpò náà dúró lókè, apá wọn á máa gbọ̀n, àpò kò sì ní balẹ̀ títí n ó fi sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yìn ilé tí à ń gbé ní Agége ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Yàrá mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé náà, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Ìyá náà máa ń lọ ra àpò tó ti ṣófo ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sórí okùn, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń di gàrí. Ayé ìjọba ológun ni, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé tí gbogbo nǹkan le. Wọ́n ti dá bàbá mi dúró ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jáde lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ike, wọn kì í sì í dé títí fèrè aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fi máa dún. Láti aago méjì tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni mo máa ń wà. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá la sábà máa ń jẹ. Wọn kì í bu tiwọn kí n tó yó.

Ìyá náà kò mọ̀wé. Ọkọ wọn tó ti kú ló máa ń ka Bíbélì sókè láràárọ̀ nígbà ayé rẹ̀, etí ni wọ́n sì fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n nígbà Lẹ́ńtì ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ ìjọ sọ pé ayé ti ń yí padà, pé ẹni tó mọ̀wé ló yẹ kó máa kọ́ ọmọ. Pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ Àjíǹde. Ó ní bí ọmọ kan nínú kíláàsì náà bá lè ka ìtàn àjíǹde ní àkọ́sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ta ló tún máa sọ pé ìyá náà kò tó olùkọ́? Èmi ni wọ́n mú láti kà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni ìyá náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún màmá mi, mo sì wà níbẹ̀.

"Kíláàsì yẹn nìkan ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa," ni wọ́n wí. "N kò lówó, n kò sì lóhùn orin. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún fẹ́ gbé lọ síwájú Rẹ̀?"

Àṣà kan wà ní ìjọ wa. Bí ọmọ bá ka àkọ́sórí tán lọ́jọ́ Àjíǹde, pásítọ̀ á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ọmọ á sọ ọ́, olùkọ́ náà á dìde, gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì gbàdúrà fún un. Bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà bẹ̀ mí: bí wọ́n bá ti bi mí, kí n sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan tí a jọ ń lọ sí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì bá mi lójú ọ̀nà.

"Ọmọ Ìyá Alápò," ni ọ̀kan wí, "fúláwà kíkan ń run lára ẹ."

"Ẹ má jẹ́ kó dúró sóòrùn," ni èkejì wí. "Ó máa wú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo délé, mo gbóòórùn apá mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ìlà méjìlélógún ni mo kà. N kò fo ọ̀kan, n kò ṣi ọ̀kan sọ. Ìjọ ṣe àmín. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Màmá ni gbogbo wa ní kíláàsì ń pe ìyá náà. Ká ní mo sọ "Màmá" péré, iṣẹ́ parí. Mo wo ìjókòó kejì. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà wà níbẹ̀, ọ̀kan fi ìka di imú. Lápá òsì, àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá jókòó, ó wọ bàtà funfun, ó fín lọ́fínńdà. Ohun tó ṣe fún mi kò ju pé ó tún kọ́là aṣọ mi ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ní kí n gbé orí mi sókè. Mo ní àǹtí yẹn ni. Mo dárúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, mo sọ ọ́ sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

Ìyá náà ti ń dìde. Wọ́n ti fi ọwọ́ di ìjókòó iwájú mú. Wọ́n dúró láàárín, wọn kò nàró, wọn kò jókòó, wọ́n ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Bí wọ́n ṣe máa ń dá àpò dúró lókè nìyẹn, kí n lè tún ọ̀rọ̀ mi sọ. N kò tún un sọ. Wọ́n wá tú etí ìró wọn, wọ́n tún un wé bí ẹni pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dìde, wọ́n jókòó, wọ́n sì bá ìjọ pàtẹ́wọ́. Àǹtí náà dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ariwo àtẹ́wọ́ ti bo ohun tó fẹ́ sọ.

Màmá mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, iléeṣẹ́ wọn kò fún wọn ní ìsinmi Àjíǹde, àwọn aládùúgbò ló ròyìn fún wọn. Wọ́n bi mí, mo ní ẹnu mi ló ṣì. Irọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá ìyá náà, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, wọ́n sì ní lọ́la ni àwọn máa mú mi lọ sọ òótọ́ fún pásítọ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ojú gbogbo ìjọ ni wọ́n ti máa pe ọmọ yìí ní òpùrọ́, orúkọ yẹn ò sì ní kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n wò mí. "O kà á dáadáa. O ti jẹun?"

Mo jẹun. N kò bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ní èmi fúnra mi ti sọ ẹni tó kọ́ mi, wọ́n sì gbé kíláàsì fún àǹtí. Ilé pásítọ̀ kò ju ojúlé mẹ́rin sí tiwa lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé, n kò sì yà síbẹ̀. Ìyá náà ṣì ń tọ́jú mi, ọbẹ̀ ilá kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fọ àpò, wọn kì í sọ ìlà kankan mọ́. Pàá, wọ́n á tún gbé e sókè. Pàá. Nígbà ọyẹ́, ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwé ni mo wà.

Mo ti ní ọmọ mẹ́ta báyìí, àyà mi sì máa ń já nítorí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá kọ́ nǹkan tuntun dé, mo máa ń bi wọ́n pé ta ló kọ́ ọ, ṣé o dúpẹ́, kí lorúkọ wọn. Àkọ́bí mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá la wà ni?" Wọ́n rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń kọ́ wọn. Ohun tí mo ń sá fún ni pé kí ọ̀kan nínú wọn má di irú ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, ní ìjọ tí à ń lọ ní Ọgbà, pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dìde, kó dárúkọ rẹ̀. Mo dìde kí n tó ronú. Orúkọ àǹtí yẹn ló wá sí mi lẹ́nu, tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Mo gbé e mì. N kò mọ orúkọ ìyá náà, n kò bi wọ́n rí.

Mo ní, "Màmá ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn láti rí ẹni tó máa dìde.