Wọ́n Ní Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Mi Kò Ní Ẹ́ńjìnnì

Òórùn inú ọkọ̀ náà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: bẹntiróòlù tó ti gbẹ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, awọ àga tí oòrùn ti yan títí ó fi sán bí ètè nígbà ọyẹ́, àti ìpara tí bàbá mi fi ń ra orúnkún. Ẹ̀yìn ilé wa ní Aduwawa, ní Benin, ló wà, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè àwọn tírélà tó ń lọ sí Auchi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, tí àwa Yorùbá ń pè ní ìjàpá. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Ọ̀wọ̀, ìjàpá nìkan ló sì ń tún ṣe. Bí ìjàpá ṣe ń tán lójú títì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń tán, síbẹ̀ kò kọ́ ọkọ̀ mìíràn. Ọdún tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ló wa tirẹ̀ wá bá mi ní Benin, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gbà á. Ìwọ lo gbọ́ èdè rẹ̀." Ó bá wa gbé títí tó fi kú. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ yẹn ò kúrò lójú kan.

Yàrá méjì ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa ọlọ́dún mẹ́fà ń gbé. Rédíò aládùúgbò wa kì í sinmi, ọmọ mi pàápàá ò sì mọ bí wọ́n ti ń dákẹ́. Inú ìjàpá yẹn ni mo sọ di ibi ìkọ̀wé mi. Ìtàn àròsọ ni mo ń kọ, ní Yorùbá. Mo máa ń kà á fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bi mí pé, "Kí ni obìnrin yẹn wá ṣe?" Ẹ̀yìn ìwé ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Iwájú ìwé jẹ́ ti ata, tòmátì àti aṣọ òkìrìká ọmọdé tí mo ń tà. Ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, jẹ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ni ilé tí à ń gbé, mú ìwé náà nígbà kan, ó ṣí ojú ewé méjì àkọ́kọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òǹkọ̀wé! Ìtàn ata rodo yìí mà dùn o." Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ìwé kíkà ti wọ̀ mí lára bí ibà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kó kúrò ní Ekosodin, lẹ́bàá yunifásítì, máa ń ta ìwé wọn ní òkìtì, mo sì máa ń lọ tú u bí mo ṣe ń tú òkìrìká. Mo ka ìtàn ìfẹ́, mo ka ìtàn ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n èyí tó gba oorun lójú mi ni ìwé kan tí epo ti ta sí lára, ìwé títún ọkọ̀ ìjàpá ṣe. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì le bí egungun, àmọ́ mo ti fọwọ́ kan gbogbo ohun tó ń sọ kí n tó mọ orúkọ wọn, torí èmi ni mo máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì fún bàbá mi. Bí mo bá dé ibi kabúrétọ̀, èékánná rẹ̀ dúdú ni mò ń rí. Ìwé yẹn kọ́ mi ní ìtàn kíkọ ju àwọn ìwé ìtàn gan-an lọ: kò sí nọ́ọ̀tì kan tí kò ní iṣẹ́, bí o bá sì tú nǹkan, àfi kí o rántí bó ṣe wà. Mo ń kà á fún ọmọ mi náà. Yorùbá ni mo fi ń túmọ̀, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn.

"Kì í mu omi bí àwọn ọkọ̀ yòókù," mo sọ fún un. "Afẹ́fẹ́ ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú."

"Ehn? Make we buy fan for am?"

Ìtàn obìnrin kan ni mò ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà, obìnrin tó tún ìjàpá bàbá rẹ̀ ṣe, tó sì fúnra rẹ̀ wà á padà sí Ọ̀wọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ tán, kí n sì ṣe é. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà fẹ́ kó tó lè mí padà, mo ti to orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti ọjà dé lọ́sàn-án. Ọmọ mi sáré pàdé mi lẹ́nu géètì. "Mummy, dem don carry Tortoise go!" Mo rò pé eré ni. Mo yà sẹ́yìn ilé. Koríko tó ti funfun nítorí àìrí oòrùn, àti kòtò mẹ́rin tí táyà ti tẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó ní fàráńdà, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Bàbá wa ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ.

"Ẹ kú ilé, Bàbá wa. Ọkọ̀ bàbá mi dà?"

"Ọkọ̀ wo? Pàǹtí yẹn? Mo ti bá ẹ palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Àwọn onírin ti gbé e."

"Láìsọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ojú ara mi ni mo fi ṣí i wò, ìyàwó. Òfìfo ni, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Bàbá ẹ ti tú u tà láìsọ fún ẹ." Ó mi orí bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn. "Má bínú o. Mẹkáníìkì ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Níbo lẹ ṣí?"

"Níbo ni wọ́n ń ṣí? Iwájú!"

"Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé ìdí ni ewúrẹ́ fi ń jẹun nílé bàbá ẹ? Kúnlẹ̀ jàre, kó o tó máa bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀!"

Mi ò kúnlẹ̀. Ọdún méje tí mo ti wọlé ọkọ, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ dúró gbọnin bá a sọ̀rọ̀. Mo pe ọkọ mi, tó ń ṣe bíríkìlà ní Auchi. "Ṣe sùúrù," ló wí, "ṣé torí irin àlòkù ni ká ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi jà?" Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi, ká ní ọkọ̀ nìkan ni wọ́n tà, bóyá ǹ bá sunkún kí n sì gba kámú. Orúkọ bàbá mi ni wọ́n tà mọ́ ọn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, á di àlòkù rẹ̀ sínú páálí fún oníbàárà kó gbé e lọ sílé, kó lè mọ̀ pé tuntun lòun fi sí i lóòótọ́, òun ni wọ́n sọ di olè, lẹ́nu ẹni tó ń jẹ àgbàdo.

Mo mú ìwé títún ọkọ̀ ṣe náà, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ àwọn onírin lẹ́bàá títì Auchi. Iná gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin ń hó. Wọ́n ti gé iwájú ìjàpá kúrò. Iná rẹ̀ méjèèjì wà lórí òkìtì, wọ́n ń wo ojú ọ̀run bí ojú ẹja. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Èmi kígbe títí agérin fi paná.

Obìnrin Edo kan ló ni ibẹ̀, àgbàlagbà tó ń ti orí àga dìde díẹ̀díẹ̀. "Wetin happen? This motor no get engine. Na so your people talk."

Mo yípo dé ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí bàbá mi kọ́ mi láti máa tẹ̀, mo gbé ìdérí sókè. Ó wà níbẹ̀. Eruku ti bò ó, àmọ́ àkísà tí bàbá mi fi dí ẹnu kabúrétọ̀ kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́ ò kúrò níbi tó so ó sí. Mo ṣí ìwé, mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n.

Agérin náà fọwọ́ lérí. "Chai! Na for yansh dem put am?"

Obìnrin náà wo ẹ́ńjìnnì, ó wò mí, ó wo ọmọ tó ń sunkún. "The man sell me empty body," ló wí. "So this one no dey inside wetin I buy. Wetin I no buy, I no go cut. Carry your papa engine."

Kò mọ bàbá mi rí, a ò sì jọ ti ìlú kan náà wá. Òun ló ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Ara ọkọ̀ náà ò ṣeé tò pọ̀ mọ́. Mo gbé ojú mi sórí àga iwájú, mo fa òórùn rẹ̀ símú fún ìgbà ìkẹyìn, nígbà tí agérin sì ti bá mi tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n máa gé ìyókù lọ.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ló bá wa gbé ẹ́ńjìnnì náà dé ilé. Mo ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gan-an. Ìgbà yẹn ni mo wá kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí ìyàwó tuntun.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá wa. Ẹ́ńjìnnì tí bàbá mi tà rèé."

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Epo dúdú ń kán sórí táìsì rẹ̀. "Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí?" ló wí. "Gbé e kúrò lójú ọ̀nà mi." Títí dòní, kò tọrọ àforíjì. Ọkọ mi ní kí èmi lọ bẹ̀ ẹ́, torí mo bá àgbà sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Mo ní mo ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó.

Igun yàrá wa ni ẹ́ńjìnnì náà wà báyìí. Ọmọ mi ń tẹ́ bèbí rẹ̀ sùn lórí rẹ̀. Òórùn bẹntiróòlù ti wọ aṣọ wa, ọkọ mi ń kùn, mo ní kó máa kùn. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì tíì fẹ́ kó rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi òótọ́ inú wò ó, ẹni tí mò ń bínú sí jù kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Èmi obìnrin tó bá a rẹ́rìn-ín nígbà tó ń fi ìtàn mi ṣẹ̀sín ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra ìwé tuntun. Ojú ewé àkọ́kọ́ pátá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn obìnrin tó wa ìjàpá lọ sí Ọ̀wọ̀. Ata àti tòmátì ló lọ sẹ́yìn. Ìjàpá ò jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, pé kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé tèmi sẹ́yìn ìwé.