Àáró Tí Kò Dé Oko Ọ̀rẹ́ Mi

Títí dòní, bí òórùn ìgbẹ́ adìyẹ bá gbá mi nímú ní Kàbà níbí, ojú mi a kọ́kọ́ lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí alofẹ́rà ìyá mi wà nígbà kan. Etí erin ni ìyá mi ń pè é. Gbogbo ọmọ àdúgbò tí omi gbígbóná bá bó ni wọ́n ń gbé tọ̀ ọ́ wá, òun a sì gé ewé kan, a fi omi rẹ̀ ra ojú ibẹ̀. Nígbà tó kú, ewéko yẹn nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn kí n sọ pé òun ló gbìn ín.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí a sọ ọ́ di oko, torí pé ìyá kan ní Mopa tó ń ṣe ọṣẹ ń wá ewé tó sanra. Tayọ̀tayọ̀ ni mo hú ọmọ etí erin fún un, mo sì kó gbogbo ìyókù, títí kan ìyá wọn, lọ sí oko tèmi. A ní àáró ni a ó fi ṣe é: ká ṣe tèmi tán, ká bọ́ sí tirẹ̀. Ọmọ mi ń ṣàìsàn lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wá kọ́ wa bí a ṣe ń lo ìgbẹ́ ẹran pẹ̀lú fatiláísà, nítorí náà ọ̀rẹ́ mi nìkan ló lọ fún àwa méjèèjì.

Ó dé, ó ní ìgbẹ́ adìyẹ tútù ni, kí a pò ó mọ́ fatiláísà, kí a kó o jọ sí ìdí etí erin gan-an. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é lóko mi, ó ń kọrin, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un. Nígbà tó kan oko tirẹ̀, ó ní kí n lọ tọ́jú ọmọ mi, pé ilẹ̀ òun kò tíì tó bu ìgbẹ́ sí. Mo tún dúpẹ́. Ta ló ń bá ẹni tó ní kéèyàn sinmi jà?

Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti jóná. Nítorí ọ̀rẹ́ mi ni ẹ̀rù fi bà mí. Mo sáré lọ kìlọ̀ fún un kó má baà ṣe irú rẹ̀.

Mo bá a láàárín etí erin tútù yọ̀yọ̀. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà, tó gbẹ bí iyẹ̀pẹ̀, ló fọ́n sí i, fatiláísà díẹ̀ ló sì bù yí i ká, níbi tó jìnnà sí ìdí rẹ̀.

“Okun o,” mo kí i. “Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyí?”

Kò gbójú sókè. “Oko kan ṣoṣo ni ìyá ọlọ́ṣẹ ní òun máa mú.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kì í ṣe ti ọlọ́ṣẹ ló dùn mí, bí kò ṣe àdúrà tí mo gbà fún un nígbà tó ń pa ohun ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo hú ọmọ etí erin kan níwájú rẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́.

Ìdí ògiri ìyá mi ni mo dá a padà sí, ó sì ti bímọ báyìí. A ṣì ń kí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé kì í ṣe kí iṣẹ́ yá nìkan ni àáró wà fún, kí ojú ẹnìkejì lè dé oko ẹni ni. Ẹni tó bá fẹ́ wá ṣe tèmi, tí kò fẹ́ kí n wá ṣe tirẹ̀, mo máa ń kí i pé ó ṣeun, n kì í jẹ́ kó wọ oko mi.