Ẹsẹ̀ Tó Tóbi Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Wọlé

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìtàn Bijan Garmabdari, olóògbé tó máa ń kó àwọn ará Tehran lọ ṣe síkì lórí yìnyín òkè Dizin lọ́jọọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹ bá dúró kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bá a lọ, ẹkún ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ní dé ibi tó pani lẹ́rìn-ín.

Ti bọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, ní oríta Vanak. Bọ́ọ̀sì dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn, èèyàn mẹ́rìndínlógún tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú igi síkì léjìká. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni tó wọlé.

“Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé, Dókítà.”

“Ká má rí i. Kí èmi ṣíwájú yín? Ṣé wọn ò tọ́ mi nílé ni?”

“Àǹtí, ẹ̀yin ẹ wọlé, ẹ yọ wá nínú ìtìjú yìí.”

“Láéláé. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ.”

“Ọjọ́ orí nìkan ni mo fi dàgbà jù yín, Àǹtí, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ wọlé.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rọ ara wọn. Ní Tehran, ẹni tó bá fò ṣáájú ẹnìkejì rẹ̀ wọ ilẹ̀kùn, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló tà sọ́jà. Yadollah, awakọ̀ wọn, sọ̀kalẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀ wọ́n tán, ó fẹ́ padà sídìí ọkọ̀, ni wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún un pé kó máa kọjá, Yadollah náà sì dọ̀bálẹ̀ pé òun kò jẹ́ ṣíwájú wọn. Báyìí ni bọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan láàárín oríta, tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú rẹ̀.

Aago mẹ́jọ ni àwọn ọlọ́pàá máa ń ti ọ̀nà òkè náà tí èrò bá ti pọ̀. Wọ́n dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì nínú ọkọ̀, wọ́n yí padà. Bijan jókòó níwájú pẹ̀lú bàtà síkì lẹ́sẹ̀, torí pé ilé ló ti máa ń wọ̀ ọ́ wá, kò sì bọ́ ọ títí wọ́n fi padà dé Vanak. Yadollah ṣílẹ̀kùn pé kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.

Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ni Bijan. Ó ga, ó gbẹ bí igi síkì, nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta ni bàtà rẹ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù, ó pè é ní Yìnyín Ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé méjìlá ló sì wà níbẹ̀. Láti ọdún karùn-ún ẹgbẹ́ náà ni Parastu, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ti ń bá a tọ́jú ìwé orúkọ. Ohun kan ṣoṣo ni Bijan ń wá láyé yìí, ó sì sọ ọ́ fún Parastu ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ ṣiṣẹ́: “Bọ́ọ̀sì kan tí kò ní sí àga òfìfo nínú rẹ̀. Ẹyọ kan péré. Kí n rí i kí n tó kú.”

Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ló ń tọrọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Bí o bá pè wọ́n síbi kan, “mo ń bọ̀” ni wọn yóò wí, ẹni tó ní ìsìnkú lọ́jọ́ náà yóò wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó yóò wí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ kó dùn létí jù a ní òun fi ojú òun méjèèjì gbà á. Bijan wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣirò.

“Mélòó ló ní òun ń bọ̀?” Orí fóònù ni, Parastu sì ń ka oògùn oníbàárà lọ́wọ́.

“Mọ́kànlélógójì, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mélòó nínú wọn ló ní òun fi ojú òun méjèèjì gbà?”

“Méjìlélógún.”

“Pa wọ́n rẹ́. Mélòó ló bèèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ máa wà?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Bọ́ọ̀sì kékeré ni kó o háyà. Ẹni tó bèèrè oúnjẹ ló ń bọ̀.”

Mẹ́sàn-án náà ló wá. Bọ́ọ̀sì tó kéré jù lọ nílùú sì ní àga méjìdínlógún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò lè fara dà. Bí àwọn èèyàn náà bá fẹ́ fi ìfẹ́ hàn, wọn a ní àwọn fẹ́ kú dípò rẹ. Ẹnìkan a kọ ọ́ sórí fóònù: “Kí n kú fún yín, Ẹ̀gbọ́n Bijan, mo ń bọ̀ dájúdájú.” Bijan kì í fi ìṣẹ́jú kan falẹ̀ kó tó dá a lóhùn: “Má kú. Ṣáà wá.”

Lẹ́yìn ìtìjú ti bọ́ọ̀sì yẹn ló ṣòfin. Gbogbo wọn ló ti kọ nọ́ńbà bàtà wọn sínú ìwé, nítorí àwọn tó máa yá bàtà lórí òkè. Bijan ní kò sí ọ̀rọ̀ àgbà mọ́, kò sí ti dókítà, kò sí ti obìnrin: ẹsẹ̀ tó tóbi jù ni kó kọ́kọ́ wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló tóbi jù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gòkè, á jókòó sí àga iwájú, á wá máa pe nọ́ńbà bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi wọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yadollah ní òun rò pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni òun ń wà.

Ayọ̀ náà kò pé oṣù kan. Dókítà Siyamak, oníṣègùn eyín, ẹni tí ìwà pẹ̀lẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, bàtà márùndínláàádọ́ta ló ń wọ̀. Ó rò ó, ó rí i pé òfin yìí ń mú òun ṣíwájú àwọn obìnrin tó dàgbà ju ìyá òun lọ. Ó yọ́ wọ inú ìwé, ó sọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ di ogójì. Àwọn yòókù rí i, ojú tì wọ́n, àwọn náà gé tiwọn. Kí oṣù tó parí, ẹgbẹ́ Yìnyín Ọjọ́ Jímọ̀ ti di ẹgbẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọkùnrin méjì onírùngbọ̀n sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà ni wọ́n gbé fún wọn lórí òkè. Dókítà Siyamak ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ogójì.

“Ṣé ó gbà yín, Dókítà?” ni ẹni tó ń yá wọn ní bàtà bèèrè.

“Ó tù mí lára púpọ̀,” ni Dókítà wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ ṣé, ọwọ́ kò ní dùn yín.”

Èékánná méjì ló bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá a ní bàtà.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bijan a kúnlẹ̀ ní oríta Vanak pẹ̀lú rúlà ilé ẹ̀kọ́, á ní kí wọ́n bọ́ bàtà, á máa wọn ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá kan dúró wò ó títí, ó ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe fáwọn èèyàn wọ̀nyí?” Bijan kò gbójú sókè. Ó ní, “Mò ń wá òtítọ́ nílùú yìí. Ó kù sẹ́ńtímítà díẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń yanjú ti ẹsẹ̀ ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí irun iwájú orí. Ọdún kìíní, ó pẹ́ kó tó rọ̀. Ọdún kejì, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, oòrùn sì lá a. Ọdún kẹta, òkúta yọrí láàárín ọ̀nà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ta igi síkì wọn. Orí fóònù tí wọ́n ti máa ń jiyàn tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́. Lọ́jọ́ kan Parastu ṣí ìwé orúkọ, ó rí i pé Bijan ti kọ orúkọ tuntun sísàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ ‘Yìnyín: ó ń bọ̀’ síbí?”

“Èmi ni. Àwọn tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó bèèrè oúnjẹ àárọ̀?”

“Kò bèèrè.”

Ìgbà ìwọ́wé tó tẹ̀ lé e ni àìsàn ọkàn gbé e dé ọsibítù. Parastu lọ wò ó, ó mú ìwé orúkọ dání, torí pé ó mọ̀ pé ohun tó máa bèèrè nìyẹn. Ẹsẹ̀ Bijan yọ jáde ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àwọn nọ́ọ̀sì ti fi àga kan tì í.

“Mélòó ló ń bọ̀ fún ìrìn àkọ́kọ́ ọdún yìí?”

“Mẹ́tàdínlógójì, Ẹ̀gbọ́n.”

“Pa wọ́n rẹ́.” Ó mí díẹ̀. “Èmi náà wà níbẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú. Ẹ ní, ‘Mo ń bọ̀.’”

“Parastu,” ó ní, “mi ò bèèrè oúnjẹ àárọ̀.”

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló kú.

Fóònù Parastu kò sinmi. Lórí káńtà tó ti ń ta oògùn, ó ń kà á bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ì bá jẹ́ èmi ni mo kú dípò yín, Ẹ̀gbọ́n. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni gbogbo ẹgbẹ́ fi sọ lójoojúmọ́ pé àwọn fẹ́ kú fún ara wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò sọ ọ́ rí. Òun náà ló lọ.

Lọ́jọ́ tó pé ogójì ọjọ́ tó kú, Mahlagha, ìyàwó olóògbé, gbé àwo halífà, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń sè fún òkú, síwájú Parastu. Ó ní, “Ìgbà wo lẹ̀ ń lọ?”

“Màmá, kò sí yìnyín. Kò sí èèyàn. Mo kọ ọ́ sórí fóònù, igba ó lé mẹ́fà ló dáhùn pé àwọn ń bọ̀.”

“Mélòó ló bèèrè oúnjẹ?”

“Kò sí ẹyọ ẹnìkan.”

Mahlagha ti gbé pẹ̀lú ìṣirò yẹn pẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

“Mo máa háyà ọkọ̀ kékeré,” ni Parastu wí. “Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá, mo máa pa ẹgbẹ́ yìí rẹ́ lórí fóònù, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Mi ò lè máa ka orúkọ àwọn tí ò ní wá.” Ó jẹ halífà náà, kò mọ̀ bóyá ó dùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́fà lù, òun àti Yadollah nìkan ló wà ní oríta. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn méjèèjì náà ni. Ó ti yọ fóònù jáde láti pa á rẹ́ nígbà tí Dókítà Siyamak yọ ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú igi síkì léjìká. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Takisí kan já méjì sílẹ̀. Nígbà tí Mahlagha dé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná àti ọ̀rá dúdú kan, wọ́n pé mẹ́tàdínlógún, ti Parastu mọ́ ọn.

Yadollah ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Parastu wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àìsàn àtijọ́ ti padà dé, aago mẹ́jọ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín ló tóbi jù. Ẹ wọlé.”

“Tèmi kọ́ ló tóbi jù.”

“Márùndínláàádọ́ta ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.”

“Méjìdínláàádọ́ta wà nínú ìwé,” ni Dókítà wí, jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹ wò ó.”

Parastu wò ó. Lóòótọ́, orúkọ Bijan ṣì ló ṣíwájú, kò pa á rẹ́. Mẹ́tàdínlógún dúró, wọ́n ń wo àga iwájú, ẹnikẹ́ni kò rọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ kọ́ lèyí. Wọ́n kàn ń dúró de ẹni tó kàn ni, ẹni náà kò sì ní dé.

Mahlagha ló kọjá láàárín wọn. Ó tú ọ̀rá dúdú rẹ̀, ó yọ bàtà síkì Bijan méjèèjì tí ẹsẹ̀ kankan nínú ẹbí kò lè jogún, ó gbé wọn ka àga iwájú, ó kọ imú wọn sí ọ̀nà. Ó nu erùpẹ̀ kan kúrò lórí wọn.

“Ó ti wọlé,” ni ó wí. “Ta ló kàn?”

Dókítà Siyamak tún igi síkì rẹ̀ gbé kọ́ èjìká. “Èmi ni,” ó ní, ó sì gòkè ṣáájú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Wọ́n kọjá àwọn ọlọ́pàá nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì. Bí wọ́n ti kọjá tán, Parastu dìde láti ka èrò bí ó ṣe máa ń kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Àga méjìdínlógún; èèyàn mẹ́tàdínlógún, bàtà méjì. Kò sí òfìfo. Ó jókòó, ó yíjú sí fèrèsé, Mahlagha sì já búrẹ́dì fún un.

Yìnyín orí òkè kò ju iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sórí àgbàdo lọ, òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdajì wákàtí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dúró lókè pátápátá, tí wọ́n ń ní kí ẹnìkejì máa lọ.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Oríta Vanak ni, aago mẹ́fà àárọ̀ Jímọ̀, bí yìnyín bá ṣì kù lórí òkè. Ẹ ó rí bàtà náà ní àga iwájú. Wọn yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ẹ sọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ yín fún wọn, kí ẹ má gé e. Bí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí Parastu ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ dákun, ẹ má ní ẹ fẹ́ kú fún un. Ẹ bèèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ máa wà.